Lẹ́ńsì fóònù tí mo rà ní Sábó, àti kòkòrò oníwo tí èèrà jẹ mọ́ mi lọ́wọ́

Kí n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ má bàa kà á délẹ̀ kẹ́ ẹ tó mọ ibi tí mò ń lọ: lẹ́ńsì yìí dáa, ẹ rà á, àmọ́ ẹni tó tà á fún mi parọ́ fún mi, kílíìpù tó fi ń há mọ́ fóònù ò sì lò tó oṣù kan kó tó kú. ₦6,500 ni mo san. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ló kọ́kọ́ pè é, mo ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún, a fà á títí, ó búra pé òun ò jèrè kankan níbẹ̀, mi ò ka ìyẹn sí irọ́ torí gbogbo ọlọ́jà ló ń búra bẹ́ẹ̀, èmi náà ń búra ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní Sábó níbí ní Ìkòròdú, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí a ṣì ń ríra. Nǹkan dúdú roboto báyìí ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdérí ìgò mínírà lọ, wọ́n kọ 15X sí i lára, pé ó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá ní ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ní kílíìpù bíi ti èyí tí wọ́n fi ń sá aṣọ, ẹ máa há a mọ́ iwájú kámẹ́rà fóònù yín, ó parí.

Ẹ ó ní kí lẹni tó ń ta pákó fẹ́ fi lẹ́ńsì ṣe. Ẹ wò ó, ìjà tó pọ̀ jù láàárín èmi àti kọ́sítọ́mà ni ti ihò. Kọ́sítọ́mà á dé, á gbé afàrà tàbí arère sókè, á fi ìka tọ́ ihò kan, á ní "bọ̀dá, kòkòrò ti wà nínú eléyìí o, ẹ já owó ẹ̀ wálẹ̀". Bẹ́ẹ̀ ihò ju ihò lọ. Èyí tó rí roboto bí ibi tí abẹ́rẹ́ gún, tí nǹkan tó kúnná bí èlùbọ́ ń dà jáde níbẹ̀, ẹ sá fún un, torí kòkòrò kékeré tó ni ín máa ń padà yé ẹyin sínú igi gbígbẹ yẹn náà, àtọmọ àtọmọọmọ wọn á máa jẹ ẹ́ lọ títí bẹ́ẹ̀dì yín á fi di ìyẹ̀fun. Ṣùgbọ́n èyí tó gùn díẹ̀ bí ìrísí ẹyin, tí ohun tó ń jáde níbẹ̀ sì rí ṣákaṣàka bí èyí tí ayùn ọwọ́ ń tú sílẹ̀, ti oníwo ló sábà máa ń jẹ́. Oníwo la máa ń pè é ní sọ́ọ̀mìlì wa, nítorí ìwo méjì tó máa ń gùn ju ara ẹ̀ lọ, tó dà bí èríà rédíò ayé àtijọ́. Ìgbà tí gẹdú ṣì wà nílẹ̀ pẹ̀lú èèpo lára ló ti ń yé ẹyin sí i, ìdin ẹ̀ á wá máa jẹ wọnú lọ, òmíràn lè lo ọdún mélòó kan nínú igi kó tó jáde, àmọ́ tó bá ti jáde báyìí, púpọ̀ nínú wọn kì í padà sórí pákó tó ti gbẹ tí kò léèpo mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń pariwo mọ́ àwọn tó ń gbé gẹdú wá láti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ pé kí wọ́n tètè bó èèpo ẹ̀ kúrò, ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí o, mo ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Nítorí náà mo fẹ́ nǹkan tí mo lè gbé sójú kọ́sítọ́mà pé wo ihò yìí, ẹni tó gbé inú ẹ̀ ti kó jáde, kò ní padà wá. Lẹ́ńsì ṣe iṣẹ́ yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyá kan tó fẹ́ ra pákó kọ́bọ́ọ̀dù wo fọ́tò ihò lórí fóònù mi, ó ní "háà", ó sanwó.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó ló gba sùúrù. Ẹ gbọ́dọ̀ sún mọ́ nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ yà débi pé ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kàn án, bí ìbú ìka méjì báyìí, ẹ má sì mí. Mo ní ẹ má mí. Ibi tó máa mọ́ kedere nínú fọ́tò ò nípọn ju èékánná lọ, ẹ mí báyìí, ó ti di kùrukùru. Ọgbọ́n tí mo wá dá ni pé mo gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì, mo wá ń fi gbogbo fóònù sún wá sún lọ dípò kí n máa tẹ ojú ẹ̀, mo ya bí ogún, mo mú ẹyọ kan nínú ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ìyálẹ̀ta ló dáa jù, kẹ́ ẹ wá láti ẹ̀gbẹ́, torí fóònù fúnra ẹ̀ ló ń ṣíji bo nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ yà. Igun fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń dúdú, ẹ gé e kúrò. Ẹ̀yin tí fóònù yín ní kámẹ́rà mẹ́ta mẹ́rin lẹ́yìn, ẹ ṣọ́ra o, ti àbúrò ìyàwó mi ń dédé yí sí kámẹ́rà míì láìsọ fún èèyàn, á wá máa fi ojú tí lẹ́ńsì ò sí níwájú ẹ̀ wo nǹkan, díẹ̀ ló kù kó fọ́ ọ mọ́lẹ̀.

Bí mo ṣe wá dẹni tó ń ya kòkòrò rèé. Ìparí ọ̀sẹ̀ kan mo lọ sóko Bàámi, lọ́nà Itóìkín kéèyàn tó dé Ẹ̀pẹ́, igi kaṣú bíi méjìlá ló wà níbẹ̀. Mo bá Bàámi tó ń bínú, ó ní àwọn ọmọ kan ń wá fi ọ̀bẹ gé ẹ̀ka kaṣú òun yíká bí ẹni dá ìlẹ̀kẹ̀ sí i nídìí, wọn ò wá gé e tán, ó kàn ń gbẹ sórí igi, atẹ́gùn fẹ́ báyìí ó já. Mo wò ó, mi ò rí ojú ọ̀bẹ níbẹ̀. Mo há lẹ́ńsì. Eyín ni! Eyín kòkòrò ló fi họ ọ́ díẹ̀díẹ̀ yí ẹ̀ka po. A gbójú sókè, a rí olè náà, ó tóbi bí àtàǹpàkò mi, orí ẹ̀ dúdú, ẹ̀yìn ẹ̀ pupa rúsúrúsú tí ìlà dúdú pín in. Lójú tèmi, kò sẹ́ni tó tíì rí irú ẹ̀ rí láyé. Mo fi fọ́tò mẹ́rìnlá ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa tó kàwé nípa kòkòrò ní yunifásítì, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo nǹkan tuntun". Ẹ̀gbọ́n pè mí, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín sí mi létí fún bí ìṣẹ́jú kan. Analeptes trifasciata lorúkọ ẹ̀, látọdún 1775 ni Fabricius ará Denmark ti sọ ọ́ lórúkọ, trifasciata ìyẹn ni pé onílà mẹ́ta, ọ̀tá kaṣú tí àwọn tó ń ṣe kaṣú ní Nàìjíríà ti ń bá jà tipẹ́. Inú ẹ̀ka tó bá họ yẹn ni abo ẹ̀ ń yé ẹyin sí, torí igi tó ń kú lọ ni ìdin ẹ̀ fẹ́. Ó ní kí Bàámi ṣa gbogbo ẹ̀ka tó ti já, kí wọ́n sun ún, kí ìdin inú ẹ̀ bá a lọ. Bàámi sun ún. Wọ́n ṣì ń fura sí àwọn ọmọ yẹn o.

Ó yẹ kí n gbọ́n lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kejì ẹ̀, lórí gẹdú ayúnrẹ́ kan tí èèpo ẹ̀ ò tíì kúrò, ní sọ́ọ̀mìlì, mo rí òmíràn. Kékeré lèyí, kò ju hóró ìrẹsì méjì tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lọ, àwọ̀ eérú, ojú lásán ò lè yà á sọ́tọ̀ lára èèpo igi, ìwo ẹ̀ tó ń mì ló tú u fó. Mo fi ìka méjì mú un, ló bá ń ké! Jìn-ín, jìn-ín, jìn-ín, bíi bàtà tuntun lẹ́sẹ̀ ẹni tó pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọṣẹ́ mi sá. (Ọrùn ẹ̀ ló fi ń ha ẹ̀yìn ara ẹ̀ tó fi ń dún bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹnu.) Mo gbé e sínú abọ́ funfun, mo há lẹ́ńsì, ibí yìí gan-an ni ₦6,500 mi ti padà wálé. Ohun tí mo pè ní eérú, irun ni, irun wẹ́wẹ́ tó sùn mọ́ ara ẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, ibì kan funfun, ibòmíràn rí bí irin tó dípẹtà. Ojú ẹ̀ kì í ṣe roboto, ó wọnú níwájú bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ìdí ìwo wá jókòó sínú ibi tó wọnú yẹn, débi pé ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ìwo ká. Mo ka oríkèé ìwo, mọ́kànlá. Mo ka ti ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, mẹ́rin.

Mo fi ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní "Àbúrò, tún ẹsẹ̀ yẹn kà". Mo tún un kà, mẹ́rin. Ó ní márùn-ún ni, ìkẹrin ló kéré tó sá pamọ́ sáàárín ìkẹta tó là sí méjì bíi pátákò ewúrẹ́, àwọn oníwo fẹ́ràn láti máa fi tan èèyàn jẹ bẹ́ẹ̀. Mo padà sídìí fọ́tò, mo fẹ̀ ẹ́ títí ó fi di kìkì àmì, mi ò rí ìkankan. Ọmọkùnrin Sábó yẹn ti sọ fún mi pé "gbogbo nǹkan lẹ máa rí, bíi ti ẹ̀rọ dókítà". Irọ́ tí mò ń sọ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí o. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Kíá ló tún fi kún un pé kí n má tíì fò, pé òun ò mọ̀ ọ́n ò sọ ọ́ di tuntun, ẹ̀yà oníwo tí wọ́n ti sọ lórúkọ láyé lé ní 35,000, kò sẹ́ni tó mọ gbogbo wọn sórí. Mo ní kí ló wá kù, ṣebí fọ́tò wà. Ó ní fọ́tò kọ́. Ó ṣàlàyé fún bíi wákàtí kan, bátìrì mi kú lẹ́ẹ̀kan láàárín ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi.

Kòkòrò náà fúnra ẹ̀ ni wọ́n fẹ́. Ẹyọ kan ni orúkọ tuntun máa ń dúró lé lórí, holotype ni wọ́n ń pè é, mùsíọ́ọ̀mù ni wọ́n á tọ́jú ẹ̀ sí, ẹnikẹ́ni tó bá sọ lọ́la pé irú ẹ̀ lòun náà rí, ìdí ẹyọ yẹn ló máa padà sí láti lọ fi wé e. Mo ní bí òpó sáfè nìyẹn, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún un, kì í ṣe àárín ẹ̀yìn o, apá ọ̀tún lára ìyẹ́ líle tó bò ó lẹ́yìn ni, kí àárín àti apá òsì lè wà bó ṣe wà. Wọ́n á fi ìwé pélébé sábẹ́ ẹ̀: ibi tí wọ́n ti rí i, ọjọ́ wo, ta ló rí i, orí igi wo. Kòkòrò tí kò ní ìwé yẹn, ó ní bí ilẹ̀ tí kò ní risíìtì ló rí. Wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á kọ ìrísí ẹ̀ látorí dé ìdí, kódà, ẹ má rẹ́rìn-ín, wọ́n á yọ nǹkan ọkùnrin ẹ̀ síta wò lábẹ́ ẹ̀rọ, nítorí méjì lè jọra bí ìbejì kó jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni ìyàtọ̀ wà. Wọ́n á tún wá àwọn ẹyọ àtijọ́ ti mọ̀lẹ́bí ẹ̀ rí, ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n kó ní Áfíríkà wa níbí ló wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Párìsì àti Bẹ́ljíọ̀mù, ìyẹn nìkan lè gba ọdún. Nílé níbí, IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ní mùsíọ́ọ̀mù kòkòrò, OAU, yunifásítì Ifẹ̀, náà ní tiwọn, ó ní ibẹ̀ la máa kọ́kọ́ gbé e lọ.

Orúkọ wá ńkọ́? Ibẹ̀ lọkàn tèmi wà, mo ti ń rí orúkọ mi lẹ́yìn ẹ̀. Ó ní orúkọ méjì ni, àkọ́kọ́ bí orúkọ agbolé, èkejì bí orúkọ àbísọ, ó sì gbọ́dọ̀ jáde nínú ìwé tí gbogbo ayé lè rí kà, tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ìwé yẹn wà, àfi kí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní ZooBank, ibi tí wọ́n ti ń ṣàkọsílẹ̀ orúkọ ẹranko lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó tó jáde, àtọdún 2012 ni wọ́n ti gbà á láyè bẹ́ẹ̀. Tí ẹni méjì bá sọ kòkòrò kan náà lórúkọ, ti ẹni tó kọ́kọ́ jáde ló ń borí, ọdún 1758 tí Linnaeus ará Sweden gbé ìwé orúkọ ẹranko ẹ̀ jáde ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ní Ìkòròdú yìí tí wọ́n ti ń ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta, òfin kòkòrò ì bá bá wa mu. Ó ní èèyàn kì í fi orúkọ ara ẹ̀ sọ kòkòrò, òfin ò dè é, ìtìjú ni. Mo ní èmi ò ní ìtìjú.

Ó wá sọ pé kí n gbé kòkòrò náà sínú spirit lálẹ́ yẹn, kí n dé e pinpin, kí n gbé e wá láàárọ̀. Kí n má purọ́ fún yín, spirit wà nílé. Ó kàn wù mí kó wà láàyè di àárọ̀, kí n lè ya fídíò ẹ̀ níbi tó ti ń ké, kí n fi han àwọn ará sọ́ọ̀mìlì. Mo fi sínú ìgò jáàmù, mo dé e ní ìdajì kó lè mí, mo gbé e sójú fèrèsé. Nígbà tí mo máa jí, èèrà ti tò láti ẹsẹ̀ ògiri dé ẹnu ìgò, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Ìwo kan àti ìyẹ́ líle kan ló kù. Mo há lẹ́ńsì mọ́ ọn, mo ya ìwo yẹn, ẹ ò sì ní gbà mí gbọ́, fọ́tò tó dáa jù tí mo tíì yà nìyẹn, torí kò mì.

Ẹ̀gbọ́n ò bínú, ìtàn kan ló sọ fún mi, ìtàn yẹn ló pa mí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, James Tweed, tó ń kàwé gboyè ní University of Queensland, lọ pàgọ́ nínú igbó Lamington ní Ọsirélíà. Ó rí nǹkan funfun kan lórí ewé, ó rò pé ìgbẹ́ ẹyẹ ni. Ó tún ojú wò ó, oníwo ni, 9.7 mm, kò tiẹ̀ pé sẹ̀ǹtímítà kan, irun funfun gígùn bo gbogbo ara ẹ̀ bíi bàbá arúgbó. Ó wá òmíràn títí, kò rí. Ọdún 2024 ni òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é gbé orúkọ ẹ̀ jáde, Excastra albopilosa, Excastra ìyẹn ni pé ó wá láti inú àgọ́, albopilosa ìyẹn onírun funfun. Orúkọ àbísọ nìkan kọ́ ni wọ́n fún un, agbolé tuntun ni wọ́n dá sílẹ̀ fún un, torí kò bá ti ará ibì kankan mu. Ní ti irun yẹn, wọ́n ní bóyá ó ń fi ṣe bíi kòkòrò tí èbu ti pa tó sì ti hu lé lórí, kí ẹyẹ lè kórìíra ẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ yẹn, orí ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ti ṣe é, ẹyọ náà sì wà ní Canberra, olú ìlú Ọsirélíà. Ẹyọ kan! Èmi náà ní ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ ká padà sí lẹ́ńsì jàre. Ọjọ́ kejìlélógún tí mo rà á, sípríǹgì inú kílíìpù fò jáde, ó bọ́ sínú ìyẹ̀fun pákó, mi ò rí i títí dòní. Mo gbé e padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ọmọkùnrin náà nawọ́ sí ìwé kan lára ògiri pé ọjà tí ẹ bá ti rà ẹ ò lè dá a padà, ìwé tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rà á, mo lè búra. Ó ní kí n ra kílíìpù tuntun, ₦2,000. Mo yíjú padà. Rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó ni mo fi dè é mọ́ fóònù báyìí, ó sì mú un ju kílíìpù lọ. Kẹ́ ẹ tó sanwó tiyín, ẹ ṣí kílíìpù yẹn bí ìgbà ogún níṣojú ẹni tó ń tà á, tó bá ń dún kẹ́rẹ́, ẹ mú òmíràn, ẹ sì wò ó bóyá fóòmù wà nínú ẹnu ẹ̀, èyí tí kò ní fóòmù á ha ojú kámẹ́rà yín. Gíláàsì ẹ̀ ni mi ò lè sọ nǹkan kan sí, ó mọ́, kò tíì họ, mo sì ti jẹ́ kó já bọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Gẹdú ayúnrẹ́ yẹn ṣì wà nílẹ̀ pẹ̀lú èèpo ẹ̀. Ẹni tó sanwó ẹ̀ ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta pé ìgbà wo la máa là á, mo ní ẹ̀rọ bàjẹ́. Àràárọ̀ kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀ ni mò ń fi lẹ́ńsì onírọ́bà mi yí i po, ìgò spirit á wà nínú àpò ṣòkòtò mi, dídé pinpin. Mi ò tíì rí òmíràn.